Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ní kí n “adjust” ìṣirò ìkórè wa. Ṣé màgòmágó kọ́ nìyẹn?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìyàrà)

Ókun o, gbogbo ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níhìn-ín ní Ìjùmú. Àwa ogójì la gbin àgbàdo lọ́dún tó kọjá, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ẹni tó lo fàtìláísà, ẹni tí kò lò ó, iye àpò tí kálukú kó lórí éékà kan. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ogún èèyàn tó lo fàtìláísà kó àpò 6 ní ìpíndọ́gba. Ogún tí kò lò ó kó 7. Mo ka èyí níwájú ìpàdé, ilé dà rú. Àwọn tó ti ń sọ tipẹ́ pé fàtìláísà ń ba ilẹ̀ jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Bàbá kan ní kí n dá owó tí òun fi rà á padà, bíi pé èmi ni mo tà á fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń wá bẹ oko wa wò gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ma, ẹ kò tíì adjust fún irú ilẹ̀ ni.” Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní tèmi o, “adjust” tí mo mọ̀ ni èyí tí awakọ̀ Kàbà sí Lọ́kọ́jà ń sọ nígbà tó bá fẹ́ fi ẹni kẹrin há àárín ẹni mẹ́ta, àti èyí tí akápò ń ṣe sí ìwé owó lálẹ́ ọjọ́ tí olùyẹ̀wò máa dé. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí n máa tún ìṣirò ṣe títí yóò fi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́?

Ọmọ Kàbà

Màgòmágó ni, ma. Ìjọba fẹ́ ta fàtìláísà. Ìṣirò kì í purọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Tíṣà Máàsì (Ìsánlú)

Ìṣirò kì í purọ́ lóòótọ́, Ọmọ Kàbà, àmọ́ ó lè máa dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ma, kí n tó sọ̀rọ̀ gígùn, ẹ jọ̀ọ́: irú àwọn èèyàn wo ló lo fàtìláísà nínú ẹgbẹ́ yín? Ẹ má dárúkọ wọn. Ilẹ̀ wọn ni mò ń bi yín.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìyàrà)

Àwọn tí oko wọn wà lẹ́bàá títì ló pọ̀ jù. Ilẹ̀ yẹn ti ṣá, ọdọọdún ni wọ́n ń gbin nǹkan sí i. Àwọn tó ní ilẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, tí ilẹ̀ wọn ti sinmi ọdún mẹ́fà mẹ́je, kí ni wọ́n fẹ́ fi fàtìláísà ṣe?

Háà.

Ó jọ pé mo ti ń rí ibi tí ẹ ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ máa bọ̀.

Tíṣà Máàsì (Ìsánlú)

Ibẹ̀ gan-an ni, ma. Ẹ padà sídìí ìwé yín. Ẹ ya àwọn tó wà lórí ilẹ̀ tó ti ṣá sọ́tọ̀, kí ẹ ya ti ilẹ̀ tó sinmi sọ́tọ̀. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá wo ẹni tó lò ó àti ẹni tí kò lò ó. Ẹ gbé iye èèyàn àti ìpíndọ́gba wá síbí.

Ìyá Ìbejì

Mo jókòó tì yín o. Ìyá ọkọ mi náà máa ń sọ nǹkan tó jọ èyí. Ó ní ọsibítù ńlá ni àwọn aláboyún ti ń kú jù, pé ilé agbẹ̀bí ló dára, nítorí ẹnikẹ́ni tí òun mọ̀ kò kú síbẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì (Ẹ̀gbẹ̀)

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọmọ mi. Ta ni wọ́n ń gbé wá sí ọsibítù ńlá? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ dábùú. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga. Ẹni tó ti rọbí fún ọjọ́ méjì níbòmíràn, tí wọ́n wá fi ọ̀kadà gbé dé ọ̀dọ̀ wa lóru, tí aṣọ tí wọ́n fi dì í ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ìbí rẹ̀ rọrùn ti bímọ sílé agbẹ̀bí, ó ti ń jẹ ọbẹ̀ gbígbóná. Tí o bá wá ka òkú ní ibi méjèèjì tí o kò ka bí kálukú ṣe wà kó tó dé, ọsibítù ni yóò jẹ̀bi. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ yẹn títí ó fi sú mi.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìyàrà)

Mo ti padà dé. Iná kò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ṣe é, ẹ fi orí jì mí tí ẹ bá rí àṣìṣe.

Ilẹ̀ tó ti ṣá: èèyàn 15 lo fàtìláísà, wọ́n kó àpò 5 ní ìpíndọ́gba. Èèyàn 5 kò lò ó, wọ́n kó 4.

Ilẹ̀ tó sinmi: èèyàn 5 lò ó, wọ́n kó 9. Èèyàn 15 kò lò ó, wọ́n kó 8.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé kan náà ni, èèyàn kan náà ni. Báwo ló ṣe yí padà báyìí?

Tíṣà Máàsì (Ìsánlú)

Ẹ ṣeun, ma. Kò yí padà. Ibi tí ẹ dúró wò ó ló yàtọ̀.

Lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ẹni tó lo fàtìláísà fi àpò kan ju ẹni tí kò lò ó lọ. Lórí ilẹ̀ tó sinmi, àpò kan náà ló tún fi jù ú lọ. Kò sí irú ilẹ̀ kankan tí fàtìláísà ti dín ìkórè kù. Àmọ́ nígbà tí ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, 15 nínú 20 tó lò ó ló jẹ́ ará ilẹ̀ tó ti ṣá, nígbà tó jẹ́ pé 5 péré ló wà níbẹ̀ nínú 20 tí kò lò ó. Ẹ rò pé fàtìláísà ni ẹ ń wọ̀n. Oko ẹ̀bá títì àti oko òkè ni ẹ gbé sórí òṣùwọ̀n.

“Adjust” tí ọmọ yẹn ń sọ kò ju èyí lọ: ká ní àwọn tó lò ó àti àwọn tí kò lò ó ní irú ilẹ̀ kan náà, ní iye kan náà, kí ni ìpíndọ́gba ì bá jẹ́? Nínú ẹgbẹ́ yín lápapọ̀, èèyàn 20 wà lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, 20 sì wà lórí èyí tó sinmi. Ìdajì ìdajì ni. Nítorí náà ẹ ṣe é báyìí fún ọ̀wọ́ méjèèjì:

Àwọn tó lò ó: 5 àti 9, ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ dá a sí méjì, ó di 7.

Àwọn tí kò lò ó: 4 àti 8, ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ dá a sí méjì, ó di 6.

Ohun tí ẹ kà níwájú ìpàdé ni 6 sí 7. Ó ti di 7 sí 6. Ẹ kò pa nọ́ńbà kankan rẹ́, ẹ kò sì fi ọ̀kan kún un. Akápò tó ń “adjust” ìwé owó kì í jẹ́ kí ẹ rí ohun tó ṣe. Èyí tí ẹ ṣe yìí, ọmọ ilé ìwé lè tún un ṣe lójú yín kó sì bá yín dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì nìyẹn.

Irú nǹkan bí ilẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní confounder. Èmi ń pè é ní adárúgúdùsílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ méjì ló ní. Ó ń fi ọ̀kan ti èèyàn lọ sídìí fàtìláísà, ó ń fi èkejì fa ìkórè sílẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá pé méjì, kì í ṣe òun. Òjò tó dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹjọ dín ìkórè gbogbo yín kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò ló yan ẹni tó ra fàtìláísà, torí ẹ ti rà á kó tó dáwọ́ dúró. Ẹ fi òjò sílẹ̀.

Ọmọ Kàbà

Ó dáa, mo gbà lórí ti ìṣirò. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìjọba, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o. Àmọ́ àpò àgbàdo kan lórí éékà kan, ṣé ó tó owó fàtìláísà tí wọ́n dà sí i? Ẹ ti rí iye tí wọ́n ń tà á báyìí?

Tíṣà Máàsì (Ìsánlú)

Ìyẹn tún ọ̀tọ̀. Ìṣirò yìí lè sọ fún yín pé àpò kan ni. Bóyá àpò kan tó owó tí ẹ ná, ọjà ni ẹ máa bi.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì (Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọ́n fi kọ́ wa nígbà tí mo padà lọ sílé ìwé, torí ó wà lọ́kàn mi títí dòní.

Ìlú kan wà ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Whickham. Láàárín 1972 sí 1974, wọ́n kọ orúkọ àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń mu sìgá. Lẹ́yìn ogún ọdún wọ́n padà lọ wo ẹni tó ṣì wà láyé. Nínú àwọn obìnrin, 582 ló ń mu sìgá, 139 nínú wọn ti kú, ìyẹn 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí kò mu ún rí jẹ́ 732, 230 ti kú, ìyẹn 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbọ́ o! Àwọn tí kò fẹnu kan sìgá ló kú jù. Olùkọ́ wa dákẹ́ síbẹ̀, ó ń wo ojú wa. Ẹnì kan nínú kíláàsì ní bóyá èéfín ń pa kòkòrò.

Ọjọ́ orí ni. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ibẹ̀ kò mu sìgá rí. Àwọn tí kò dàgbà tó wọn ló ń mu ún. Nínú àwọn tí kò mu ún, 193 ti lé ní ẹni ọdún 65 tàbí tó o nígbà tí wọ́n kọ orúkọ wọn. Nínú àwọn tó ń mu ún, 49 péré. Ẹni tó ti pé ọdún 75 ní 1973, ṣé ẹ retí pé kó ṣì wà ní 1993? Àwọn 77 ló wà ní ọjọ́ orí yẹn, gbogbo wọn ló ti lọ, amusìgá àti ẹni tí kò mu ún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá fi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́: láàárín àwọn ẹni ọdún 55 sí 64, 51 nínú 115 amusìgá ló kú, ìyẹn 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn tí kò mu ún, 40 nínú 121, ìyẹn 33. Láàárín ẹni ọdún 45 sí 54, ó jẹ́ 21 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó ṣe rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọ̀wọ́ ọjọ́ orí. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé “lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ti ọjọ́ orí kúrò,” iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nìyẹn. Wọn kò yọ àgbàlagbà kankan dànù.

Ìyá Ìbejì

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Mo máa ka eléyìí sétí ìyá ọkọ mi, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé òun ni mo tìtorí rẹ̀ béèrè.

Ẹlẹ́rọ (Mopa)

Kí ló dé tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣe é? Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ma: irú ilẹ̀, irúgbìn, iye ìgbà tí wọ́n roko, ọjọ́ tí wọ́n gbìn, bóyá màlúù wọ oko, bí igi àgbàdo ṣe ga, bí ewé rẹ̀ ṣe dúdú sí. Ẹ ní kó mú ti gbogbo wọn kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nǹkan tí ẹ mú kúrò bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni èsì máa mọ́ tó.

Tíṣà Máàsì (Ìsánlú)

Rárá o, àbúrò. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣubú sí, títí kan àwọn tó gba oyè lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú igi àgbàdo tó ga àti ewé tó dúdú minimini. Kí ló sọ ewé di dúdú minimini? Fàtìláísà náà ni! Ọ̀nà tó ń gbà mú ìkórè pọ̀ nìyẹn: ó bọ́ igi, igi tóbi, ó so ọmọ. Tí ẹ bá wá ní kí kọ̀ǹpútà fi oko tí igi rẹ̀ ga wé oko tí igi rẹ̀ ga bákan náà, ẹ ti gba iṣẹ́ fàtìláísà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ń bi í pé kí ló ṣe. Yóò ní òun kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ dè é lọ́wọ́.

Ohun tó ti wà kí fàtìláísà tó dé, tó sì ní ọwọ́ méjì tí mo sọ lókè, ni kí ẹ máa wá. Irú ilẹ̀ wà níbẹ̀. Irúgbìn lè wà níbẹ̀, torí ẹni tó lówó láti ra fàtìláísà lè ra irúgbìn tó dára. Kọ̀ǹpútà kò lè fi ojú rẹ̀ mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, nọ́ńbà nìkan ló ń rí. Ẹni tó mọ oko ló máa sọ fún un.

Ohun kejì ni pé ẹ jẹ́ ká ka iye yàrá tí a máa pín àwọn àgbẹ̀ náà sí. Ilẹ̀ ọ̀nà méjì, irúgbìn ọ̀nà méjì, ìroko ọ̀nà méjì, ìgbà gbígbìn ọ̀nà méjì, màlúù ọ̀nà méjì. Yàrá 32 nìyẹn. Èèyàn 40 ni wọ́n, yàrá kọ̀ọ̀kan sì nílò ẹni tó lò ó àti ẹni tí kò lò ó kí á tó lè fi wọ́n wé ara wọn. Ọ̀pọ̀ yàrá ni kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lóòótọ́, kọ̀ǹpútà kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní regression máa fa ìlà tààrà la inú àwọn yàrá tó ṣófo kọjá, á fọkàn sí i pé bó ṣe rí níbi tí èèyàn wà náà ló rí níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Nígbà míì ó máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́rọ (Mopa)

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yọ ewé kúrò.

Ọmọ Yàgbà ní Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ lọ́wọ́ kún un. Tíṣà ti sọ nípa ohun tí kò yẹ ká mú kúrò. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni adárúgúdùsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí ní Amẹ́ríkà ń sọ pé àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, tí wọ́n ń lo oògùn họ́móònù, àrùn ọkàn kì í ṣe wọ́n tó àwọn tí kò lò ó. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kì í ṣe ọ̀lẹ: wọ́n mú ti ọjọ́ orí kúrò, wọ́n mú ti sìgá kúrò, wọ́n mú ti ìsanra kúrò. Èsì kò yí padà. Ìgbà tí ìwádìí ńlá kan níbẹ̀, Women’s Health Initiative, wá ṣẹ́ kèké fún obìnrin 16,608, tí ẹni tí kèké mú gba họ́móònù méjì, estrogen pẹ̀lú progestin, tí àwọn yòókù gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, wọ́n ní láti dá a dúró ní 2002 kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Àrùn jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lò ó, àrùn ọkàn tí wọ́n ní ó ń dín kù náà pọ̀ sí i.

Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ọjọ́ orí tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ ni pé obìnrin tó ń lọ bá dókítà gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn sábà jẹ́ ẹni tó rí jájẹ, tó kàwé, tó ń tọ́jú ara rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn tí wọn kò bi í. Ohun tí ẹ kò kọ sílẹ̀, ẹ kò lè mú un kúrò.

Nítorí náà ma, nínú ìwé yín, ta ló mọ ẹni tó jẹ́ aláápọn? Ẹni tó wá owó fàtìláísà lè jẹ́ ẹni tó máa ń tètè jí lọ sóko. Àpò kan tí ẹ rí yẹn, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ aápọn ló ti wá.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìyàrà)

Ẹ tún ti gba àpò kan yẹn lọ́wọ́ mi! Kí ni kí n wá sọ fún wọn ní ìpàdé?

Tíṣà Máàsì (Ìsánlú)

Ẹ sọ fún wọn pé ohun tí ẹ kà lọ́jọ́sí dá ẹ̀bi ilẹ̀ lé fàtìláísà lórí, pé nígbà tí ẹ fi ilẹ̀ wé irú rẹ̀, àpò kan ló fi ju èkejì lọ, pé kò tíì dá yín lójú pé fàtìláísà nìkan ló mú un wá. Wọ́n lè pariwo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo.

Lọ́dún yìí, tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, inú oko gan-an ni wọ́n ti rí ojútùú rẹ̀. R. A. Fisher, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1919 ní Rothamsted, ibùdó tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Irú wàhálà tiyín yìí ló bá níbẹ̀: oko kan dára ju èkejì lọ, abala kan nínú oko kan náà dára ju èkejì lọ. Ó ní kí wọ́n pín ilẹ̀ sí abala kéékèèké, kí wọ́n sì ṣẹ́ kèké fún èyí tó máa gba ajílẹ̀. Kèké kò mọ ilẹ̀ tó ṣá, kò mọ aápọn, kò mọ olówó. Àti adárúgúdùsílẹ̀ tí ẹ kọ sílẹ̀ àti èyí tí ẹ kò mọ̀ rárá, ó máa ń pín wọn sí ọ̀tún àti òsì láìṣojúsàájú, bí abala bá ti pọ̀ tó.

Kí olúkúlùkù pín oko rẹ̀ sí méjì, kó ṣẹ́ kèké fún apá tó máa gba fàtìláísà. Olóko kan náà, irúgbìn kan náà, ọkọ́ kan náà. Kí ẹ wọn ìkórè apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọmọ Kàbà

Owó ẹyọ wo ni wọ́n máa jù sókè? Ìgbà wo lẹ rí kọ́bọ̀ gbẹ̀yìn?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìyàrà)

Ìdérí ìgò mínírà la lò. A ṣe ìpàdé lánàá, èèyàn 23 gbà láti pín oko wọn. Wọ́n tò síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jù ú sórí tábìlì, èmi ń kọ ọ́: ojú òkè, apá ọ̀tún ló gba fàtìláísà, ojú ìsàlẹ̀, apá òsì.

Bàbá tó ní kí n dá owó òun padà ló jù ú kẹ́yìn. Ó bọ́ sí apá òsì, níbi tí òkúta pọ̀ sí nínú oko wọn. Wọ́n wo ìdérí náà títí, wọ́n mú un, wọ́n ní ṣé àwọn lè tún un jù. Mo ní rárá, bàbá. Mo ti kọ ọ́.